Ọjọ́ Mẹ́wàá Nínú Yàrá Òkè: Ìṣọ̀kan àti Ìrètí Láàárín Àwọn Onígbàgbọ́ Àkọ́kọ́

 

Àsìkò tí ẹ pè mí sí yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run ti kọjá, Pẹ́ńtíkọ́sì ò sì tíì dé. Agbedeméjì la wà. Agbedeméjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù wa, a kì í dúró níbẹ̀. Bí Jésù bá ti gòkè tán lórí Òkè Ólífì, ìró ẹ̀fúùfù àti ahọ́n iná ló kù tí à ń sáré lọ bá, bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́wàá kò sí láàárín méjèèjì. Lúùkù, ẹni tó kọ Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, kò fò ó ní tirẹ̀. Orí kìíní ìwé náà ní ẹsẹ 26. 15 nínú wọn ló fi sọ ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń ṣe nígbà tí wọ́n ń dúró.

Mo fẹ́ la èrò mi sílẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìdúró yẹn ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n ti parí ìjà láàárín ara wọn ni Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé. Àwa ń wá iná kiri lónìí, a ò sì bìkítà fún ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àṣẹ tí wọ́n gbà. Wọ́n bi Jésù bóyá àsìkò ti tó tí yóò dá ìjọba padà fún Ísírẹ́lì. Ó ní mímọ ìgbà àti àsìkò kì í ṣe tiwọn. Ó sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n má kúrò ní Jerúsálẹ́mù títí ìlérí Baba yóò fi dé. Láti Òkè Ólífì dé inú ìlú kò ju ìrìn ọjọ́ ìsinmi lọ, nǹkan bí 2,000 ìgbọ̀nwọ́, bíi kìlómítà kan. Kò le fún ẹsẹ̀. Ọkàn ló le fún. Ará Gálílì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ilé wọn, ọkọ̀ wọn, àwọ̀n wọn, apá àríwá ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní Jerúsálẹ́mù, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n kan Ọ̀gá wọn mọ́ igi lẹ́yìn odi ìlú. Káyáfà tó jẹ́ olórí àlùfáà nígbà náà ṣì wà lórí oyè. Ohùn Gálílì tó wà lẹ́nu Pétérù ló tú u fó lágbàlá olórí àlùfáà lóru ọjọ́ tí wọ́n mú Jésù, ohùn ọ̀hún kò sì tíì yí padà. Inú ìlú yẹn ni wọ́n ní kí wọ́n dúró sí.

Dídúró kì í sì í ṣe ìwà wọn. Ìwé Jòhánù sọ fún wa pé lẹ́yìn àjíǹde, Pétérù dìde létí òkun Tìbéríà, ó ní òun ń lọ pẹja, àwọn mẹ́fà mìíràn sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í fẹ́ dilẹ̀.

Ohun tó tún wá mú un le ni pé wọn kò mọ iye ọjọ́. Àwa tí a ní kàlẹ́ńdà ìjọ lọ́wọ́ la mọ̀ pé mẹ́wàá ni. Àwọn ará wa nínú ìjọ Kátólíìkì tilẹ̀ ń fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbàdúrà láàárín àjọ̀dún méjèèjì, inú àsìkò yìí sì ni wọ́n ti fa gbòǹgbò gbogbo àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án wọn yọ. Jésù kò sọ ju pé ọjọ́ náà kò ní pọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀la ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọn ò mọ̀ bóyá oṣù tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí nǹkan yóò dé, ètò ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí rọ̀ mọ́.

Àwọn wo ló wà nínú yàrá òkè tí wọ́n ti ń dúró? Lúùkù ka orúkọ wọn, ó sì yẹ ká bá a kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé orúkọ wọ̀nyẹn ní ìtàn. Mátíù wà níbẹ̀, agbowó-orí tẹ́lẹ̀ rí, irú ẹni tí àwọn Júù ẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí ọ̀dàlẹ̀. Símónì tí wọ́n ń pè ní Sélótì wà níbẹ̀, tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ fi hàn pé ìtara òfin àti ti ilẹ̀ baba rẹ̀ ń jó o lọ́kàn. Jákọ́bù àti Jòhánù wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Sébédè tí wọ́n ti bẹ Jésù pé kí ó fi àwọn sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì nínú ògo rẹ̀; inú bí àwọn mẹ́wàá yòókù sí wọn nígbà yẹn, àwọn yẹn náà ló sì tún jókòó tì wọ́n báyìí, àyàfi Júdásì. Tọ́másì wà níbẹ̀, ẹni tó ní àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Pétérù wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì mọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìránṣẹ́bìnrin.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Lúùkù kò dárúkọ ju ti Màríà ìyá Jésù lọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n nínú Ìhìn Rere rẹ̀ ó ti dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó bá Jésù ti Gálílì wá: Màríà Magidalénì, Jòánà aya Kúsà tó jẹ́ ìríjú Hẹ́rọ́dù, Sùsánà, àwọn tó ń fi ohun ìní ara wọn gbọ́ bùkátà Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ àjíǹde, obìnrin ló kọ́kọ́ mú ìròyìn ibojì wá, àwọn ọkùnrin sì kà á sí ìsọkúsọ. Obìnrin tí wọ́n ti pe òótọ́ rẹ̀ ní ìsọkúsọ, tó tún wá bá àwọn tó pè é bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ àdúrà nínú yàrá kan náà, lójú tèmi, ohun ńlá ló ṣe.

Àmọ́ èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn arákùnrin Jésù. Jòhánù kọ ọ́ pé wọn kò gbà á gbọ́ nígbà tó ń wàásù. Máàkù sọ pé àwọn ẹbí rẹ̀ tilẹ̀ jáde lọ mú un, torí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó wà lórí àgbélébùú, ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn ló fa ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́, kò fà á lé àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìyá jẹ́ nínú agbo ilé wa, ẹ fojú inú wò ó: àwọn ọkùnrin ilé wà láyé, a wá fa ìyá lé ará ìta lọ́wọ́. Irú rẹ̀ lè tú ẹbí ká títí ayé. Bẹ́ẹ̀, nínú yàrá òkè, Màríà wà níbẹ̀, àwọn arákùnrin náà wà níbẹ̀; bó bá sì jẹ́ Jòhánù ni ọmọ ẹ̀yìn ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí ìjọ ṣe gbà á láti ìgbà láéláé, òun náà wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé Jésù tó jíǹde fara han Jákọ́bù. Jákọ́bù yìí, arákùnrin Olúwa, ló wá di òpó ìjọ Jerúsálẹ́mù, títí wọ́n fi sọ ọ́ lókùúta ní ọdún 62, gẹ́gẹ́ bí Josephus, òpìtàn Júù, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Lúùkù kò ròyìn pé wọ́n pe ìpàdé kankan láti pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ó kàn sọ pé wọ́n fi ọkàn kan tẹra mọ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Lóde òní, ẹni méjì tí wọn kì í kí ara wọn lè jọ wà nínú ìjọ kan fún ogún ọdún. Ọ̀kan á jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Bí ìsìn bá parí, kóówá á gba ilé rẹ̀ lọ. Yàrá òkè kò fàyè gba ìyẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jọ ń jí, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń gbàdúrà, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé mì lánàá á jáde lónìí. Yálà kí èèyàn tọrọ àforíjì tàbí kó ká ẹní rẹ̀ kúrò. Iye wọn nígbà tí Pétérù dìde sọ̀rọ̀ jẹ́ nǹkan bí 120, Lúùkù kò sì sọ níbì kankan pé ẹnìkan ká ẹní rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ròyìn pé wọ́n ṣe yàtọ̀ sí àdúrà ni yíyan ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì. Ẹ má jẹ́ kí èyí kọjá lára yín: ẹni tó sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ló dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó dà á, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó. Pétérù kò sì pe Júdásì ní àjèjì. Ó ní wọ́n ti kà á mọ́ àwọn, ó ti ní ìpín nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n wá là á sílẹ̀ pé ẹni tí wọn yóò yàn gbọ́dọ̀ ti máa bá wọn rìn láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí di ọjọ́ ìgòkè. Ẹni méjì ni wọ́n fà kalẹ̀: Jósẹ́fù tí wọ́n ń pè ní Básábà, tó tún ń jẹ́ Jústù, àti Mátíásì. Orúkọ mẹ́ta ni Lúùkù fún ẹni àkọ́kọ́, ẹyọ kan ló fún èkejì. Mo rò pé Jósẹ́fù ni èèyàn mọ̀ jù. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké mú Mátíásì.

A kì í wàásù nípa Jústù. Ó ti tẹ̀lé Jésù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bọ́ sí àárín àwọn méjìlá. Àyè kan wá ṣí sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kò tún bọ́ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo mọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìjọ tuntun ìbá bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì títì. Lúùkù kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Kò sí ìjà Jústù kankan nínú ìwé náà. Ibi tí a ti tún gbọ́ ọ ni ọ̀dọ̀ Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, tí Eusebius, òpìtàn ìjọ, tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Papias ní ìtàn tí òun gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin Fílípì ni pé Jústù Básábà mu májèlé nígbà kan, oore-ọ̀fẹ́ Olúwa kò sì jẹ́ kó pa á lára. Bó ti wù ká gba ìtàn náà tó, ó fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan lára wọn ni àwọn onígbàgbọ́ ṣì ń kà á sí. Kèké tí kò mú un kò lé e jáde.

Ìtàn ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọdún ìkórè àlìkámà ni láàárín àwọn Júù, ọ̀kan nínú àjọ̀dún mẹ́ta tó ń kó èrò wá sí Jerúsálẹ́mù láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí ará Pátíà, ará Íjíbítì àti ará Róòmù fi pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nǹkan bí 3,000 ló gba ìrìbọmi. Ẹ wo iye yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 120. Bó bá jẹ́ pé àwọn 120 náà ti pín sí ẹ̀yìn Pétérù, ẹ̀yìn ọmọ Sébédè àti ẹ̀yìn ẹbí Jésù, apá wo ni 3,000 wọ̀nyí ìbá wọ̀?

Láti ọjọ́ náà lọ, Olúwa fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń retí, wọ́n sì rò pé kò ní pẹ́. Ìrètí yẹn tú ọwọ́ wọn. Bánábà, ọmọ Léfì ará Kípírù, ta oko kan, ó sì kó owó rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn àpọ́sítélì. Ananíà àti Sàfírà náà ta ilẹ̀ tiwọn, wọ́n yọ nínú owó rẹ̀, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìtàn yìí dẹ́rù ba ìjọ nígbà tí wọ́n bá ń gba owó, bẹ́ẹ̀ Pétérù sọ ọ́ gbangba pé ti Ananíà ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni owó náà wà lẹ́yìn tó tà á. Ẹ̀ṣẹ̀ Ananíà kì í ṣe pé ó pa owó mọ́. Irọ́ ló pa, láàárín àwọn tí wọ́n ti ń fi inú han ara wọn.

Ahọ́n àti eyín a sì máa jà. Kò pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ tó ń sọ èdè Gíríìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Èdè àti oúnjẹ: ohun méjì tó máa ń tú àwùjọ ká kíákíá nìyẹn. Àwọn àpọ́sítélì lè ní kí wọ́n fara dà á, Olúwa kúkú ń bọ̀. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ẹ wá gbọ́ orúkọ wọn: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánórì, Tímónì, Pámẹ́nà, àti Nikoláù ará Áńtíókù tí kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ilé, aláwọ̀ṣe ni. Orúkọ Gíríìkì ni méjèèje. Ó jọ pé apá tó ń ké pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ ni wọ́n fi gbogbo oúnjẹ sí níkàáwọ́, tòun ti oúnjẹ àwọn opó tó ń sọ Árámáíkì. N kò tíì rí ìgbìmọ̀ ìjọ kan ní ìgbà ayé mi tó láyà láti yanjú ẹ̀sùn lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 54, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé láti Éfésù sí ìjọ Kọ́ríńtì. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa níbẹ̀. Yàrá ìjẹun nínú ilé Róòmù, àga ìrọ̀gbọ̀kú mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù á wà ní àgbàlá. Olówó tó ni àkókò ara rẹ̀ á tètè dé, á jẹ, á mu. Ẹrú àti alágbàṣe kò lè kúrò níbi iṣẹ́ àfi bí ọ̀gá bá dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, ebi ń pa wọ́n, àwọn tó ti dé ṣáájú ti mutí yó. Pọ́ọ̀lù bínú gidigidi. Ó rán wọn létí pé oúnjẹ náà ni wọ́n fi ń kéde ikú Olúwa títí yóò fi dé, ó sì fi àṣẹ kan kádìí ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá kó ara wọn jọ láti jẹun, kí wọ́n dúró de ara wọn.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ní òun ń dúró de Olúwa láti ọ̀run, tí kò lè dúró de ẹrú tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, irú ìdúró wo ló ń dúró? Ara ọmọnìkejì ni a ti ń dán ìrètí wò. Ohun tí ọjọ́ mẹ́wàá ṣe fún àwọn ará Gálílì ni Pọ́ọ̀lù ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìlú àwọn oníṣòwò.

Ní Tẹsalóníkà, nǹkan bí ọdún 50, ọ̀nà mìíràn ni wàhálà gbà wọlé. Àwọn kan nínú wọn ti kú kí Olúwa tó dé, ìbànújẹ́ sì bá àwọn tó kù, pé àwọn òkú wọn ti pàdánù. Pọ́ọ̀lù tù wọ́n nínú pé àwọn òkú nínú Kírísítì ló máa kọ́kọ́ jíǹde. Àwọn mìíràn pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń tojú bọ ọ̀ràn ẹlòmíràn. Pọ́ọ̀lù, tó ń pàgọ́ tọ̀sán-tòru kó má bàa di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí, kò gbà fún wọn: ẹni tó bá kọ iṣẹ́, kí wọ́n má bọ́ ọ. Ìgbà tiwa náà ti gbọ́ ti àwọn tí wọ́n ta ohun ìní, tí wọ́n yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, nítorí ọjọ́ tí ẹnìkan dá fún wọn pé Olúwa ń bọ̀. Wọ́n pè é ní ìgbàgbọ́. Ọrùn aládùúgbò ni wọ́n gbé ẹrù ara wọn kọ́.

Ọdún ń yí lu ọdún, Olúwa kò tíì dé, síbẹ̀ wọn ò túká. Wọ́n ní àdúrà kúkúrú kan ní èdè Árámáíkì, pé kí Olúwa wá. Pọ́ọ̀lù fi í sí òpin lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Kọ́ríńtì tí kò gbọ́ èdè náà, ó sì tún wà nínú Didache, ìwé ìlànà ìjọ àtijọ́ tí Philotheos Bryennios ṣàwárí ní Constantinople ní ọdún 1873. Nínú ìwé yẹn, àdúrà orí búrẹ́dì bẹ Ọlọ́run pé bí ọkà tó ti fọ́nká sórí àwọn òkè ṣe di búrẹ́dì kan, kí Ó kó ìjọ Rẹ̀ jọ láti òpin ayé wá sínú ìjọba Rẹ̀. Ìṣọ̀kan àti ìrètí, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí kan wá láti ẹnu ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Róòmù ní Bithynia àti Pontus, ní àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ lẹ́tà sí ọba Trajan. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fi ẹ̀sìn náà sílẹ̀ ohun tí àwọn Kìrìstẹ́nì máa ń ṣe. Wọ́n á pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kan tí wọ́n dá, wọ́n á máa gba orin lẹ́nu ara wọn sí Kírísítì bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run, wọ́n á búra pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe panṣágà, àwọn kò ní yẹ àdéhùn. Wọ́n á túká, wọ́n á sì tún pàdé láti jẹun, oúnjẹ lásán tí kò ní aburú kankan nínú. Pliny mú àwọn obìnrin méjì tó jẹ́ ẹrú, tí ìjọ fi joyè díákónì, ó dá wọn lóró kó lè gbọ́ àṣírí. Kò rí àṣírí kankan. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé àwọn ọmọ onílùú Róòmù wà lára àwọn tí òun mú, àti pé òun ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti fi wọ́n ránṣẹ́ sí Róòmù, nítorí òfin kò gbà kí òun ṣe wọ́n bí òun ṣe ṣe àwọn yòókù. Ó ti tó nǹkan bí 80 ọdún tí Jésù ti gòkè lọ. Òfin ilẹ̀ pín ọmọ onílùú àti ẹrú níyà níwájú gómìnà. Nínú ìjọ, ẹrú obìnrin ló ń ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì.